Ohun Tí Ń Gbé Abẹ́ Igi
Ọ̀rọ̀ tí Ìsípẹ́kítọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olóko kòkó sọ



Fọ́ọ̀mù owó tí ẹ fẹ́ yá láti tún oko kòkó gbìn ti dé iwájú ìgbìmọ̀. A kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín kọ sí ìlà àkọ́kọ́: "owó láti ṣán igbó mọ́ pátápátá." Ọ̀rọ̀ "pátápátá" yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

Àlejò ni kòkó nílẹ̀ wa. Láti igbó odò Amásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í sì í ṣe igi gíga nínú igbó náà. Abẹ́ àwọn igi ńláńlá ló ń gbé. Títí di òní, ìwà ará abẹ́ igi ló ń hù. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ń wá oúnjẹ kì í jìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kọjá sẹ̀ǹtímítà 20 sínú ilẹ̀, kò tó ìdajì gígùn àdá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wọ inú igbó tí a kò tíì dá lọ́sàn-án gangan, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ṣú bí ìrọ̀lẹ́. Bí a bá pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó wà lókè sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 1 tàbí 2 péré ló ń dé ilẹ̀. Ìwọ̀nba yìí ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ń du, olúkúlùkù ló sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọmọ ọgànwó lè dúró ní ìwọ̀n orúnkún fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò kú, kò sì dàgbà. Ọjọ́ tí igi ńlá kan yóò wó, tí ojú ọ̀run yóò ṣí, ló ń dúró dè. Ewé eéran kò bá ẹnikẹ́ni du òkè. Ó tẹ́ ewé rẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ tàn kálẹ̀. Ìtàkùn kò náwó sórí ìdí tó nípọn. Ẹ̀yìn igi ẹlòmíràn ló ń gùn lọ sókè.

Abẹ́ ilẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Gbòǹgbò ayùnrẹ́ ní kókó wẹ́wẹ́ lára. Àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí ń gbé inú kókó náà, wọ́n ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ igi. Bí ewé ayùnrẹ́ bá rẹ̀ sílẹ̀ tó jẹrà, àwọn aládùúgbò rẹ̀ a jẹ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òwú olú, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, so mọ́ gbòǹgbò kòkó: olú ń bá kòkó wá oúnjẹ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé, kòkó sì ń fún olú ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn ló wà. Orúkọ ibẹ̀ nìkan tó ẹ̀kọ́.

Ẹ má rò pé a fẹ́ fi igi pa òwe fún ẹgbẹ́. Igi kò ṣe ìpàdé rí. Ìjà ni wọ́n ń jà lórí oòrùn àti omi. Ibi tí ìjà náà bá ti dọ́gba ni à ń pè ní igbó.

Wàyí o, ẹ ṣán gbogbo rẹ̀ mọ́ pátápátá, kí ẹ dáná sun ún. Oòrùn ti dé ilẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ dé? Ewé Akíntọ́lá ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà ti ṣẹ̀. Ó bá irúgbìn igi mẹ̀línà wọ Nàìjíríà láti Sri Lanka, tí à ń pè ní Sílóònù nígbà náà, ní nǹkan bí 1937. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ibòòji. Lábẹ́ igi tó ṣú dáadáa, kì í lè gbilẹ̀. Ẹni tó gé igi ibòòji rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, òun náà ni yóò máa san owó lébìrà láti lé e. Àfòmọ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ló bá tan. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí kòkó tí oòrùn ń pa ló máa ń pọ̀ sí jù.

Ní ẹgbẹ́ kan tí a yẹ ìwé rẹ̀ wò, ọmọ ẹgbẹ́ kan yáwó, ó ṣán ilẹ̀ mọ́ bí ojú agbo, ó sì gbin ọmọ kòkó láìfi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo sáàárín rẹ̀. Ọyẹ́ dé. Nígbà tí òjò yóò fi padà rọ̀, èyí tó ṣẹ́kù kò tó ìdajì. Kòkó kú, èlé kò kú.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣebí ìsípẹ́kítọ̀ ní kí a jẹ́ kí oko di igbó. Rárá o. Bí ibòòji bá pọ̀ jù, abẹ́ oko kì í gbẹ, ibẹ̀ ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú ti ń rí ayé. Inú ilẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí, ẹ̀kán òjò a sì ta á bá èso. Àràbà pẹ̀lú, ẹ má fi í sáàárín kòkó. Àrùn ẹ̀ka wíwú, tí wọ́n kíyè sí ní Gánà ní 1936, lè wà lára rẹ̀, kòkòrò kékeré funfun a sì gbé e lọ sára kòkó. Yíyàn ni iṣẹ́ náà. Ní Gánà, igi ńlá 15 sí 18 lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn nǹkan bí éékà 2 àbọ̀, ni wọ́n ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn láti fi sílẹ̀. Ọmọ kòkó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni kó kọ́kọ́ ṣíji bò ó, kí ẹ sì gbin kókò sáàárín. Kókò lábẹ́ kòkó, ahọ́n nìkan ló lè ṣì í pè, ilẹ̀ kò kọ̀ ọ́.

Ó ku ohun kan tó ń dùn wá. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń já ewé eéran tà fún àwọn oní-mọ́ínmọ́ín, owó yín kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan tí a tíì yẹ̀ wò. Olóko a ra oògùn apakoríko, a fún un yíká, ewé eéran a kú, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oko mọ́. Owó ti jáde nílé, akọ̀wé kò rí i. Bẹ́ẹ̀ inú èso ewé yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti yọ ohun adùn kan jáde ní 1972, thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po bí 2,000. Àwọn ará òkè òkun ń fi ṣòwò. Àwa ń da oògùn lé e lórí.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí owó, ọmọ ìgbìmọ̀ 2 yóò bá olóko rìn yí oko rẹ̀ ká. Kí olóko ti fi ẹfun sàmì sí igi tí yóò fi sílẹ̀. Kí owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá sì ń já ewé nínú oko náà, ìyá, ìyàwó tàbí aládùúgbò, kí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó fi ibi tí ewé rẹ̀ wà hàn. Àwọn tó kọ "pátápátá" lè gba fọ́ọ̀mù wọn padà lọ́wọ́ akọ̀wé lónìí, kí wọ́n tún un kọ.