Ta Ló Ń Jẹ́jọ́ Ogun?

Ẹni tó bá ń gba Jumeirah Lake Towers ní Dubai kọjá mọ àwọn ilé gogoro etí adágún wọ̀nyẹn. Ní 2020, àjọ ìwádìí Carnegie gbé ìwádìí kan jáde pé ó kéré tán, 800 ilé ní Dubai ló so mọ́ àwọn olóṣèlú àti ọ̀gá ìjọba Nàìjíríà àti àwọn èèyàn wọn. Níní ilé kì í ṣe olè jíjà o. Ibi tí owó ti wá ni ìbéèrè, torí ogun ń jà nílé.

Ní 2014, ìlú Mubi bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbébọn Boko Haram. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ń ké pé ohun ìjà àwọn ò tó. Ní oṣù Kejìlá, ilé-ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún 54 nínú wọn pé wọ́n kọ̀ láti jà. Fẹ́mi Falana ló gbẹjọ́ rò fún wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdájọ́ ikú náà di ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Àwọn ọ̀gá wá ńkọ́? Wọ́n mú Sambo Dasuki, olùdámọ̀ràn Ààrẹ Jonathan lórí ààbò, ní 2015, lórí owó ohun ìjà tí wọ́n pè ní bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Ó ní òun ò jẹ̀bi. Kóòtù gba onídùúró rẹ̀ léraléra, síbẹ̀ ìjọba dá a dúró sí àhámọ́ fún ọdún mẹ́rin. Èyí náà kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Alex Badeh, olórí gbogbo ọmọ ogun ní 2014, ṣì ń jẹ́jọ́ nígbà tí àwọn agbébọn pa á lójú ọ̀nà ní 2018. Ẹjọ́ tiẹ̀ kò ní ìdájọ́ títí tó fi kú. Ti àwọn 54 kò ju oṣù díẹ̀ lọ.