Ìpá Ẹ̀gbẹ́: Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Lórí Máàtì, Àti Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Àwọn Ọmọ Wa Kọ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ nìyí. Ẹgbẹ́ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ náà lè kà á.

Ìpá kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ mi dá lé. Àwọn ọmọ jíìmù ń pè é ní side kick. Àwọn ará Kòríà tó ni Taekwondo ń pè é ní yeop chagi, àwọn ará Japan tó ni kàràté ń pè é ní yoko geri. Èmi á máa pè é ní ìpá ẹ̀gbẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ lèèyàn máa ń kọ sí ẹni tó fẹ́ ta. Tí ẹ bá ti wo fíìmù Bruce Lee rí, ẹ ti rí i.

Báwo la ṣe ń ta á? Wàá kọ ẹ̀gbẹ́ sí alátakò. Wàá gbé orúnkún ẹsẹ̀ iwájú sókè sí ìhà àyà. Ẹsẹ̀ tó kù nílẹ̀, wàá yí i títí gìgísẹ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí alátakò. Lẹ́yìn náà, wàá fi ìbàdí ti ẹsẹ̀ yẹn jáde tààrà, gìgísẹ̀ tàbí etí àtẹ́lẹsẹ̀ ni kó bá onítọ̀hún. Ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ gbà lọ náà ló gbọ́dọ̀ gbà padà. Ẹni tí kò bá yí ẹsẹ̀ ilẹ̀ yẹn dáadáa, orúnkún ara rẹ̀ ló ń pa lára.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ gùn ju apá lọ. Kí ọwọ́ ẹni tó ń sáré bọ̀ tó tó ẹ, ẹsẹ̀ rẹ ti dá a dúró. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀bútẹ́ Ìkòròdú, ẹ mọ bí ọlọ́kọ̀ ṣe ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò létí èbúté. Iṣẹ́ tí ìpá yìí ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń fi àyè sáàárín ìwọ àti ẹni tó fẹ́ gbá ẹ mú. Ìkejì, iṣan ìdí àti itan ló ń tì í, wọ́n sì wà lára iṣan tó lágbára jù lára èèyàn. Ìkẹta, bó o ṣe kọ ẹ̀gbẹ́ yẹn, ikùn àti àyà rẹ ò sí ní gbangba.

Àmọ́ kò sí ìpá tí kò ní àléébù. Tó bá tàsé, ẹ̀yìn rẹ lè ṣí sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbá ẹsẹ̀ yẹn mú níbi tí òfin ti gba gbígbé èèyàn ṣubú, ilẹ̀ lo máa bá ara rẹ. Ìdí nìyẹn tí kóòṣì fi ń sọ pé ẹni tó bá ta á kó tètè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Bill Wallace. Ní 1966, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́ níbi tó ti ń ṣe júdò. Ẹlòmíì ì bá lọ jókòó sílé. Òun gbájú mọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó ń fi ta ìpá ẹ̀gbẹ́, ìpá àyípo àti ìpá ìkọ́. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà gbé orúnkún sókè fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, alátakò ò sì ní mọ èyí tó ń bọ̀. Ó di ọ̀gá àgbáyé ní 1974, ó sì fẹ̀yìn tì láìsí ẹni tó nà án nínú ìdíje náà. Superfoot ni wọ́n ń pè é.

Ní Taekwondo òde òní, aṣọ ààbò tí wọ́n ń wọ̀ sáyà ní ẹ̀rọ tó ń ka agbára ìpá. Wọ́n lò ó ní Òlíḿpíìkì London 2012. Ìpá tó bá balẹ̀ dáadáa lára aṣọ yẹn, máàkì 2 ni. Ẹ̀ṣẹ́, máàkì 1 péré. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí ọ̀pọ̀ eléré tó ń gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bí ọ̀pá, tó ń fi ti alátakò sẹ́yìn.

Ẹ má sì sọ pé eré àwọn ará ìta ni o. Chika Chukwumerije, ọmọ Nàìjíríà, gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú Taekwondo ní Òlíḿpíìkì Beijing 2008. Israel Adesanya, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1989, Taekwondo ló kọ́kọ́ kọ́ ní kékeré kí màmá rẹ̀ tó yọ ọ́ nítorí ìfarapa. Ní 2019, ó gba bẹ́líìtì UFC ní Melbourne.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ìyá wa ti gbọ́ ibi tí mo ti pe ìfarapa. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìpá ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá ta sí orúnkún èèyàn lè sọ onítọ̀hún di arọ. Òfin Taekwondo ò gbà á láyè kí wọ́n ta èèyàn nísàlẹ̀ ìbàdí. Ìdí gan-an rèé tí mo fi fẹ́ kí ọmọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ kóòṣì, kì í ṣe nínú fóònù.

Àwọn àgbà kan bi mí pé, “Ṣé ìjà lẹ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ni? Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni.” Òótọ́ ni, ẹ̀yin bàbá mi. Àmọ́ gbogbo wa la mọ ohun tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fojú àwọn ará Ìkòròdú rí. Kí ni wọ́n fi ń tan ọmọ ọdún 15? Wọ́n á ní, “A ó dáàbò bò ẹ́, a ó sì di ẹ̀gbọ́n rẹ.” Orí máàtì, ọmọ yẹn á rí ẹ̀gbọ́n, á rí ẹni tó ń bá a wí, á sì kọ́ bí a ṣe ń tẹríba fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà án. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè jà, kì í pọn dandan kó jà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín kàn. Ní títì, kò sí rẹfirí. Tí ẹnì kan bá yọ ọ̀bẹ, má dúró ta ìpá kankan, sá! Tí wọ́n bá há ẹ mọ́ ibi tí o ò lè sá, àyè díẹ̀ tí ìpá ẹ̀gbẹ́ bá fún ẹ, àyè àtisá ni. Mọ̀jà-mọ̀sá là ń mọ akínkanjú. Akínkanjú tó bá mọ̀jà tí ò mọ̀sá, ogun ní í bá irú wọn lọ.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. A fẹ́ ibi ìgbáradì kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lówó ọkọ̀ náà lè débẹ̀. A fẹ́ máàtì, aṣọ ààbò, àti kóòṣì tó ní ìwé-ẹ̀rí. Ọkùnrin àti obìnrin la máa gbà, òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ta ìpá sórúnkún ẹlòmíì, tàbí tó lọ jà ládùúgbò, á fìdí mọ́lé títí ìgbìmọ̀ á fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, máàtì àti aṣọ ààbò la fẹ́ kí ẹ fi ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, gbọ̀ngàn tí ò níṣẹ́ nírọ̀lẹ́ la ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, kí ẹ sì dá wa lóhùn. Àtikékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìlú wa á dára.