Ọlọ́pàá àti Alárùn Ọpọlọ



Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nígbà tí ọlọ́pàá bá ń wọ́ alárùn ọpọlọ gba àárín ọjà kọjá, tí àwọn ọmọdé sì ń hó lé e lórí, ìyá rẹ̀ kì í sí lára àwọn tí ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1987, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe ọlọ́pàá sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní àrùn ọpọlọ, tí ó ń fi ọ̀bẹ ya ara rẹ̀. Wọ́n ní kí ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á. Ìbínú àwọn ará ìlú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá, àwọn ìdílé alárùn ọpọlọ àti àwọn olùkọ́ yunifásítì fi jókòó pọ̀, tí wọ́n sì dá ẹ̀ka àkànṣe kan sílẹ̀ ní 1988. Ọlọ́pàá tí ó bá fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni wọ́n ń yàn, wọn a sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ wákàtí 40.

Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn? Pé ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lè má gbọ́ àṣẹ rárá, nítorí igbe ọlọ́pàá kàn jẹ́ ohùn kan sí i láàárín ariwo tí ó ti wà létí rẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀, ní pẹ̀lẹ́. Kí wọ́n jìnnà sí i díẹ̀. Kí wọ́n má bà á jiyàn. (Àwa olùkọ́ mọ èyí: ọmọ tí ẹ̀rù ti bà tán kì í lè dáhùn ìbéèrè.) Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọlọ́pàá bá mú wá. Ọlọ́pàá tí kò ní ibi tí yóò mú aláìsàn lọ, àtìmọ́lé ni yóò tì í mọ́.

Nílé níhìn-ín, láti ọdún 1954 ni Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí fi irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí Àrò ká ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí ará abúlé bá lè bá wọn gbé, èéṣe tí àgọ́ ọlọ́pàá fi ń jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí a ń rò? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè.

A bẹ Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ wa kí wọ́n pe ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú wa àti àwọn nọ́ọ̀sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Títí dìgbà náà, ẹni tí ó bá lọ pe ọlọ́pàá, kí ó sọ ọ́ ní kedere pé aláìsàn ni, kì í ṣe olè. Kí ó sọ oògùn tí ó ń lò. Kí ẹbí kan tí ó mọ oríkì rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn padà.