Ta Ló Ni Ìbéèrè?

Ẹ̀yin ọmọ mi akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, mo rí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìjọba tí ará ìlú ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe, láìrán aṣojú kankan. Ìlú òyìnbó ni ọ̀rọ̀ náà máa gbé wa dé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìpàdé onílé àdúgbò wa.

Ní ọjọ́ kan, alága ẹgbẹ́ wa ní kí a dìbò: ṣé kí a ṣe géètì sẹ́nu ọ̀nà àdúgbò ni, àbí kí a má ṣe é? Ọwọ́ lọ sókè, akọ̀wé kà á, géètì wọlé. A ti ń dìde nílẹ̀ nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní oríta sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ máa bi wá ní géètì? Omi gọ́tà ló ń wọlé bá mi. Ẹnì kan ò bi mí ní ti gọ́tà." Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, gọ́tà ò sí nínú àjẹ́ńdà tòní." Géètì náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì dára lójú. Bí òjò bá ti rọ̀, abẹ́ rẹ̀ ni àgbàrá máa ń gbà lọ sílé màmá.

Kò sí èrú nínú ìbò ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ bi ará ìlú léèrè nǹkan, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wádìí ni ẹni tó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dúró lé.

Orílẹ̀-èdè tí ará ìlú ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìjọba pẹ́ jù lọ lóde òní ni Swítsàlandì.

Kántọ́ọ̀nù 26 ló wà níbẹ̀, bí ìpínlẹ̀ tiwa. Ọ̀kan nínú wọn ni Glarus, ìlú kékeré tó wà láàrin òkè ńláńlá. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún, àwọn ará ibẹ̀ á péjọ sí gbàgede kan. Ìpàdé náà ni wọ́n ń pè ní Landsgemeinde. Oníkálukú mú káàdì ìdìbò rẹ̀ dání. Àwọn ọmọ ilé ìwé jókòó níwájú láàrin agbo, kí wọ́n lè máa wo bí àgbà ṣe ń ṣe é. Olórí ìjọba kántọ́ọ̀nù dúró lórí pèpéle, ó gbé ọwọ́ lé idà. Bí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó bá ní ohun tí yóò sọ á bọ́ síwájú, á sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, káàdì á lọ sókè. Ẹnì kankan ò kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ni olórí fi ń wọ̀n ọ́n. Bí kò bá dá a lójú, á ní kí wọ́n tún un nà, á sì ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun nínú ìjọba bá òun wò ó. Ibi tó bá wí náà ló jẹ́.

Èmi tí mo dàgbà sórí ọ̀rọ̀ màgòmágó ìbò, ojú tí wọ́n fi ń wọn ìbò yẹn kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2006. Ìjọba kántọ́ọ̀nù náà gbé àbá wá pé ìjọba ìbílẹ̀ 25 ti pọ̀ jù, kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ di 10. Wọ́n ti jókòó lé e, wọ́n ti ṣírò rẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ìlú kan jáde láti inú èrò, ó ní 10 náà ṣì pọ̀, mẹ́ta ni kí wọ́n ṣe é. Ìjọba ò múra irú rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Káàdì lọ sókè, mẹ́ta ló sì wọlé! Inú àwọn kan ò dùn sí i, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Wọ́n pe ìpàdé àkànṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, àwọn èèyàn tún ní mẹ́ta náà ni. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2011 ni ìjọba ìbílẹ̀ ti di mẹ́ta ní Glarus. Ní tiwa ńkọ́? Ká ní ẹnì kan jáde láàrin èrò lójú agbo, ó ní, "Ẹ̀yin gómìnà, iye tí ẹ mú wá yìí pọ̀ jù," ṣé ẹ mọ̀ pé ọlọ́pàá ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn?

Glarus àti Appenzell Innerrhoden nìkan ló kù tó ń ṣe é lójú agbo báyìí ní ìpele kántọ́ọ̀nù. Àwọn tó kù ń dìbò sínú ìwé, púpọ̀ wọn sì ń fi lẹ́tà rán an láti ilé. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni àpòòwé ìdìbò máa ń wọlé. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣàlàyé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wù mí nínú ìwé náà ni pé àwọn tó ń bá ìjọba jà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní ààyè tiwọn nínú rẹ̀. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bú ìjọba, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé.

Báwo ni ìbéèrè ṣe ń dé inú àpòòwé yẹn? Láti ọdún 1848 tí wọ́n ti ní òfin-ìpìlẹ̀ ìjọba àpapọ̀, kò sí ẹni tó lè yí i padà láìbi ará ìlú. Ìbò tó pọ̀ jù nìkan kò sì tó: ọ̀pọ̀ kántọ́ọ̀nù náà gbọ́dọ̀ gbà. Láti ọdún 1874, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ṣe òfin tí ará ìlú ò fẹ́, wọ́n lè kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n á sì gbé òfin náà lọ síbi ìbò. Lónìí, 50,000 ìbuwọ́lùwé láàrin 100 ọjọ́ ni. Ní ọdún 1891 ni wọ́n wá gba ẹ̀tọ́ tó jinlẹ̀ jù: ará ìlú lè fúnra wọn kọ gbólóhùn tí wọ́n fẹ́ kó wọ inú òfin-ìpìlẹ̀. Bí wọ́n bá rí 100,000 èèyàn tó buwọ́ lù ú láàrin oṣù 18, ìjọba gbọ́dọ̀ gbé e síwájú gbogbo ìlú, ìbáà dùn mọ́ ìjọba nínú, ìbáà korò.

Àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Armin Capaul. Ó ń dun ọkùnrin yìí pé wọ́n ń gé ìwo màlúù. Ó ní kí ìjọba máa fi owó ran àgbẹ̀ tó bá fi ìwo sílẹ̀ lórí ẹran rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àwọn ará ìlú rẹ̀ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó kó ìbuwọ́lùwé jọ, ó ju 100,000 lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, gbogbo orílẹ̀-èdè, oníbáńkì àti akẹ́kọ̀ọ́, dìbò lórí ìwo màlúù. Ìdá 54.7 nínú ọgọ́rùn-ún ní rárá. Ó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè sọ fún un pé màlúù ò sí nínú àjẹ́ńdà.

Púpọ̀ nínú ìbéèrè tí ará ìlú ń gbé wá níbẹ̀ ló ń ṣubú. Nínú mẹ́wàá, bí ẹyọ kan ló ń wọlé. Àwọn tó ń sọ pé bí ẹ bá gbé ìwé òfin lé ará ìlú lọ́wọ́, wọ́n á pín owó ìlú jẹ tán, ẹ sọ fún wọn pé ní ọdún 2012 wọ́n bi àwọn ará Swítsàlandì bóyá kí òfin fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìsinmi lọ́dún, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta sì ní àwọn ò fẹ́. Ẹ sì má ṣe ka èyí tó ṣubú sí òfò. Ní ọdún 1989, àwọn kan ní kí wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká. Wọ́n pàdánù, àmọ́ ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò tó bá wọn lọ. Ẹnu ya ìjọba. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ọ̀dọ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò jẹ́ kó gbé ìbọn ti lè fi iṣẹ́ ìlú rọ́pò iṣẹ́ ológun. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀wọ̀n ló wà fún un.

Ṣùgbọ́n n kì í ṣe alágbàwí ará Swítsàlandì, ẹ má jẹ́ kí n bo ẹ̀gbin wọn. Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí ìbuwọ́lùwé ará ìlú gbé wá tó sì wọlé, ní ọdún 1893, èyí tó ní kí wọ́n máa mú kí ẹran dákú kí wọ́n tó dúńbú rẹ̀ ni. Ẹnu lásán ni wọ́n fi pè é ní ọ̀rọ̀ ẹran. Àwọn Júù ni wọ́n ń fi í lé. Ní ọdún 2009, ìdá 57.5 dìbò pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ òpó gíga tí ládáànì ti ń pe ìrun mọ́. Òpó mẹ́rin péré ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ẹni tó bá kéré níye lè pariwo títí, kò lè ní ìbò tó.

Ti àwọn obìnrin ló burú jù. Ní ọdún 1959 wọ́n dìbò bóyá kí obìnrin máa dìbò, ọkùnrin nìkan ló sì ń dá ara wọn lóhùn. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ní rárá. Ọdún 1959 yẹn kan náà ni àwọn ìyá wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tò lórí ìlà, tí wọ́n dìbò àpapọ̀ tó ṣáájú òmìnira. Ní Swítsàlandì, ó di 1971. Ní Appenzell Innerrhoden, àwọn ọkùnrin tún na ọwọ́ ní ọdún 1990 pé àwọn ò gbà sí i, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi dá sí i ní òpin ọdún náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìlú tó bá fẹ́ fún ará ìlú ní ìbéèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ìlà sílẹ̀: ohun báyìí báyìí, ẹ̀tọ́ ẹni báyìí báyìí, ìbò ò gbọdọ̀ kàn án. Kí ilé ẹjọ́ sì wà tó lè sọ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù.

Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin 1971 ló tún ti 1959 ṣe fúnra wọn. Gbogbo ìlú ní àwọn ò wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1986; ní 2002 wọ́n ní àwọn á wọ̀ ọ́. Ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ ará ìlú kì í kú. Òun ni mo ń wá nínú ìwé òfin èyíkéyìí, mo sì fẹ́ ká yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jọ ọ́. Ní oṣù Kẹrin 1938, wọ́n bi àwọn ará Austria bóyá wọ́n gbà láti wà lábẹ́ Hitler. Lórí ìwé ìdìbò náà, òbìrìkìtì "bẹ́ẹ̀ ni" tóbi gbàràmù. Ti "rárá" rí kóńkóló lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbò ni wọ́n pè é. Kódà níbi tí kò ti sí ipá, ìbéèrè tó bá ti òkè wá lè gbọ̀nà ẹ̀bùrú. Ìjà inú ẹgbẹ́ David Cameron, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, wà lára ohun tó gbé ìbéèrè lọ bá àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní 2016 bóyá kí wọ́n kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ìdá 51.9 ní kí àwọn kúrò. Báwo ni wọ́n ṣe máa kúrò? Ìwé ìdìbò ò sọ, ọdún gígùn ni wọ́n fi ń jà lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ Áísílándì ló sì ń dùn mí jù. Báńkì wọn wó ní 2008, àwọn èèyàn gbé ìkòkò àti páànù jáde, wọ́n ń lù ú níwájú ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kọ òfin-ìpìlẹ̀ tuntun. Ẹni 522 ló jáde dupò láti kọ ọ́, wọ́n mú 25. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìbò náà, ilé ìgbìmọ̀ bá yan àwọn tó wọlé náà sípò. Láàrin oṣù mẹ́rin ní 2011 ni wọ́n kọ ìwé náà, wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ti ń kọ ọ́, ará ìlú sì ń dá sí i lórí Facebook. Ní oṣù Kẹwàá 2012, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò ní kí ìwé náà jẹ́ ìpìlẹ̀ òfin tuntun. Ilé ìgbìmọ̀ gba èsì, ó dúpẹ́, ó palẹ̀ mọ́ ní 2013 láìfọwọ́ sí i. Àwọn aṣòfin ló ni ìbéèrè. Ìmọ̀ràn lásán ni ìdáhùn jẹ́.

Tiwa ò gba àkókò. Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 fi orúkọ gbogbo wa bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ ológun kẹrìnlélógún ọdún náà ló gbé e jáde. A ò dìbò lé e. Abala kẹsàn-án gbé àtúnṣe rẹ̀ lé ilé aṣòfin Abuja àti ti ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí ìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ wà ni dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ àti pípe aṣòfin padà sílé, wọ́n sì gbé ọwọ̀n ibẹ̀ ga: kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ ilé ìgbìmọ̀ padà, àwọn tó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ ìdìbò sílẹ̀ lágbègbè rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé. Ó ju ìdajì o! Ìdajì yẹn ni ọ̀pọ̀ aṣòfin ò rí nígbà tí wọ́n wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan tí a dìbò gidi lórí ìpínyà ni 13 oṣù Keje 1963, nígbà tí wọ́n bi àwọn ará Midwest bóyá kí wọ́n kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba ló béèrè nígbà náà pẹ̀lú.

Alága ìjókòó, mo rí i pé ẹ ń wo aago. Mo ní kí màmá ẹlẹ́kọ bá mi wá síbí lónìí, wọ́n ní ọjọ́ ọjà ni, ṣùgbọ́n wọ́n rán mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi ẹ̀yin tí ẹ kàwé léèrè: bí gọ́tà kò bá sí nínú àjẹ́ńdà, ọwọ́ èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ lọ sókè kó tó lè wọ inú rẹ̀? Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, kí àwọn tó dúró kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.