ÀYẸ̀WÒ ṢÚGÀ FÚN ALÁBOYÚN: Ẹ FÚN WỌN NÍ ÒWÚRỌ̀ KAN

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

Nígbà tí alága ní kí n wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni n ó sọ. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò tí ì tán, a ó máa bá a bọ̀. Èyí tí mo gbé wá lónìí kan àwọn obìnrin wa tó lóyún, ó sì kan ọkọ wọn àti ọ̀gá wọn. Àyẹ̀wò kan ni wọ́n ń ṣe fún aláboyún láti mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń lo ṣúgà.

Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ ti mú ẹjọ́ wá bá mi lórí àyẹ̀wò yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ lábù léèrè títí ó fi yé mi.

Oúnjẹ tí a ń jẹ, ìbáà jẹ́ àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ, ṣúgà ni yóò dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tó ń tú omi kan jáde tí wọ́n ń pè ní ínsúlíìnì. Ínsúlíìnì yìí ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, kí a lè fi ṣe agbára. Bí oyún bá ti ń dàgbà, ibi ọmọ náà a máa tú omi tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, omi náà a sì máa dí ínsúlíìnì lọ́wọ́. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin a pèsè ínsúlíìnì kún un, ọ̀rọ̀ a bùṣe. Ara àwọn mìíràn kò lè pèsè tó bẹ́ẹ̀, ṣúgà a wá máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èyí ni àtọ̀gbẹ inú oyún. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bú obìnrin náà pé ọ̀jẹun ni.

Kì í ro ni, kì í yún ni. Aláboyún lè máa rìn, kó máa ṣiṣẹ́, kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣúgà tó pọ̀ lára ìyá a kọjá sára ọmọ, ọmọ a sanra jù. Ní ilẹ̀ wa, bí obìnrin bá bí ọmọ kílò mẹ́rin ààbọ̀, ijó ni a ó jó. Ìyá ọkọ a ní ọmọ náà jọ bàbá ńlá rẹ̀. Mi ò ní ká má yọ̀ o. Àmọ́ ọmọ tó tóbi jù lè fi èjìká há nígbà ìbí, ó lè fa ìyá ya, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Ṣúgà ọmọ náà lè já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tó dáyé. Ìfúnpá ìyá lè ga. Nígbà mìíràn, ọmọ a kú sínú. Nítorí náà, obìnrin tó ti bí ọmọ tó wọn kílò mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, tàbí tí ọmọ ti kú sí nínú rí, tàbí tí ìyá, bàbá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó sanra púpọ̀, tàbí tó ti ní i nínú oyún tó ṣáájú, kí ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi í.

Àwọn àgbà wa mọ àtọ̀gbẹ láti ara ìtọ̀ tí èèrà ń ṣù bò, mo sì yìn wọ́n. Nínú oyún, ìtọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ṣúgà lè yọ nínú ìtọ̀ ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ó sì lè má yọ nínú ìtọ̀ ẹni tó ní àrùn náà. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Àyẹ̀wò náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1964 ni John O'Sullivan, dókítà kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, òun àti Claire Mahan, tẹ èsì àyẹ̀wò aláboyún 752 jáde. Ní 2008, èsì ìwádìí ńlá mìíràn jáde, aláboyún bí 25,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Orí ìwádìí yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwọ̀n tó gbé jáde ní 2013 lé. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, èyí kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá.

Àkókò tó dára jù fún un ni láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún sí ìkejìdínlọ́gbọ̀n oyún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: aláboyún yóò dé láìjẹun, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á fún un ní glúkóòsì gíráàmù 75 tí wọ́n pò sínú omi, yóò mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kejì, wọ́n á gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó parí. Ẹ wá ro ìrìn-àjò mọ́ ọn, ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlọrà, Fìdítì tàbí Àjáàwà, òwúrọ̀ odidi ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìmúra sílẹ̀. Àwọn obìnrin wa gbọ́ pé àyẹ̀wò ni, wọ́n sì rò pé ìdánwò tí èèyàn ń yege ni, bíi ti ilé-ìwé. Obìnrin kan sọ fún mi pé fún ọjọ́ mẹ́ta kò fẹnu kan àmàlà, kò jẹ ẹ̀bà, ẹ̀fọ́ àti ẹja nìkan ló ń jẹ, kí ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀. Ará mi, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ara tí kò rí oúnjẹ alágbára fún ọjọ́ mẹ́ta a gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tètè tú ínsúlíìnì jáde. Bí glúkóòsì bá dé bá a lójijì, ṣúgà rẹ̀ lè ga sókè, kí wọ́n sì sọ pé ó ní àrùn tí kò ní. Fún ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú, kí aláboyún jẹun bó ṣe máa ń jẹun, àmàlà rẹ̀, gbẹ̀gìrì rẹ̀, ìrẹsì rẹ̀. Kó má dín in, kó má sì fi kún un.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó jẹun alẹ́, kó parí rẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà di ìgbà tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, omi lásán ló lè mu. Ó gbọ́dọ̀ tó wákàtí mẹ́jọ, kó má sì ju mẹ́rìnlá lọ. Omi lásán ni mo wí o. Tíì kì í ṣe omi. Àgbo kì í ṣe omi. Ẹ̀kọ mímu, bó ti wù kó ṣàn tó, oúnjẹ ni. Obì, orógbó, súwíìtì àti ṣíngọ́ọ̀mù, kó jìnnà sí gbogbo wọn. Ó lè fọ eyín, ó lè run orín.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń gba ààwẹ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹni tó bá jẹ sààrì ní ìdájí, tó wá lọ ṣe àyẹ̀wò ní agogo mẹ́jọ, àyẹ̀wò rẹ̀ ti bàjẹ́. Glúkóòsì tí wọ́n á fún un sì tú ààwẹ̀ rẹ̀ ká. Kó mú ọjọ́ tí kò bá ààwẹ̀ pàdé. Ẹni tó ti orí òkè àdúrà bọ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó lọ. Ẹni tí ibà ń ṣe, kó sún ọjọ́ síwájú. Ẹni tó ń lo oògùn, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kó mú un dání lọ fi han nọ́ọ̀sì, nítorí oògùn mìíràn, pàápàá àwọn kan tí wọ́n ń fún oníkọ́-ìfe, a máa gbé ṣúgà sókè.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ ra glúkóòsì wá, ẹ rà á, kí ẹ jẹ́ kí lábù fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ṣíbí wọ̀n ọ́n nílé. Ó dùn jù, ó sì máa ń rin àwọn mìíràn ní èébì. Bí aláboyún bá bì, kó sọ, torí pé ọjọ́ mìíràn ni wọ́n máa tún un ṣe. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí méjèèjì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tán, obìnrin wa rántí pé ọjà kò jìnnà, ó ní kí òun sáré ra ata. Ìrìn yẹn ń jó ṣúgà, èsì tí wọ́n bá rí a kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àrùn tó wà níbẹ̀ a sì fara pamọ́. Ata kò ní tán lọ́jà. Kó gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ sínú kúlà, kó jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ kẹta tán.

Ẹ̀yin ará, mo ti sọ apá tó jẹ́ ti obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tó jẹ́ tiwa.

Ọ̀kan nínú wa wà tó ń gbálẹ̀ ojú pópó, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún un ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó kọ́kọ́ wá fọwọ́ sí ìwé, kó gbá apá tirẹ̀ tán kó tó lọ. Ó gbálẹ̀ fún wákàtí méjì láìjẹun, òòyì kọ́ ọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un ní ẹ̀kọ tó gbóná, wọ́n bu ṣúgà sí i. Àánú ló ṣe wọ́n. Nígbà tó dé lábù, wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun, ó sọ òtítọ́, wọ́n dá a padà. Ó mú ọjọ́ mìíràn, wọ́n tún fi iṣẹ́ sí ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ló tó rí òwúrọ̀ kan gbà, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ kọ̀wé. Ṣúgà rẹ̀ ga. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti ṣòfò tó yẹ kó ti máa tọ́jú ara rẹ̀. Ó bí ọmọ náà láàyè, ẹ bá mi dúpẹ́, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ fi wà ní yàrá ìtọ́jú nítorí ṣúgà rẹ̀ tó já. Owó ọjọ́ méjì tí wọ́n yọ nínú owó oṣù rẹ̀ pé kò wá síbi iṣẹ́, a gbà á padà.

Labour Act ti ilẹ̀ wa, ní abala 54, dá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ sí fún obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n san ó kéré tán ìdajì owó fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Ó fún ìyá ọlọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa òwúrọ̀ àyẹ̀wò. Ìmọ̀ràn nọ́ńbà 191 tí ILO gbé jáde ní ọdún 2000 ló sọ ọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún àyẹ̀wò oyún bó bá ti fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn kì í ṣe òfin. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kó wọ inú ìwé àdéhùn wa: òwúrọ̀ kan, láìyọ owó, láìkọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sì sinmi lóru tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ní iṣẹ́ yóò dúró, kó sọ fún mi iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ti dúró nígbà tí epo wọ́n.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ béèrè iye owó àyẹ̀wò náà kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá ráyè, kó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ. Kò ní kú bó bá jókòó wákàtí méjì láàárín àwọn aláboyún.

Ní ti èsì: bí lábù bá fi mg/dL kọ ọ́, 92 láìjẹun, 180 lẹ́yìn wákàtí kan, 153 lẹ́yìn wákàtí méjì ni ààlà. Bó bá jẹ́ mmol/L, 5.1, 10.0 àti 8.5 ni. Bí ọ̀kan péré bá dé ààlà náà tàbí kọjá rẹ̀, ó ti tó kí dókítà pè é ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Kí ẹnikẹ́ni má sá. Oúnjẹ tí a tún tò àti ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí kò bá tó fún yóò gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ náà kì í sì í kọjá sára ọmọ. Lẹ́yìn ìbí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, kí ó padà lọ tún un ṣe, torí pé ẹni tó ti ní i nínú oyún súnmọ́ àtọ̀gbẹ gan-an ju ẹlòmíràn lọ. Èyí náà, òwúrọ̀ kan ni a ó tún béèrè fún un.

Ìwé ìbéèrè náà ti wà. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lọ́wọ́ akápò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mú káàdì klíníkì yín dání, kí ẹ wá ó kéré tán ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, kí a lè gbé e dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó pín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀.