Òkè Bú Gbàmù ní Mẹ́síkò, Òjò Kọ̀ ní Sàhẹ́lì

Láti Wylie níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ni mo ti ń kí yín. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹ má wo ojú mi tó wú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi mú iṣẹ́ àṣetiléwá kan bọ̀ láti ilé ìwé. Ó dá lórí Tambora, òkè ayọnáyèéfín kan ní Indonéṣíà tó bú gbàmù ní oṣù kẹrin ọdún 1815. Ẹ ti lè gbọ́ ìtàn yẹn, torí wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ níbí: lọ́dún 1816, òjò dídì bọ́ ní oṣù kẹfà ní New England, àgbàdo kú sóko, ìyàn mú ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n forí lé ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Ọmọ náà kà á tán, ó ní, "Mọ́mì, àwọn ará ilé wa ń kọ́?"

Ẹnu mi wọhò. Yúróòpù wà nínú ìwé rẹ̀, Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Áfíríkà ò sí. Ni mo bá lọ kàwé. Ohun tí mo rí sún mọ́ wa ju Tambora lọ, ó sì ṣojú àwọn òbí wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé eérú ló ń dí oòrùn. Eérú máa ń tètè wálẹ̀. Imí ọjọ́ gan-an ni ọ̀gá ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, imí ọjọ́ inú Bíbélì. Tí òkè bá bú tagbáratagbára, ó lè ti gáàsì imí ọjọ́ sókè tó kìlómítà 20, ó ga ju ibi tí ọkọ̀ òfuurufú tí à ń wọ̀ ń gbà. Kò sí òjò níbẹ̀ tó máa fọ̀ ọ́ kúrò. Á di ẹ̀kán kéékèèké, á tàn ká bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì máa dá ìtànṣán oòrùn padà fún ọdún kan sí méjì. Nígbà tí Pinatubo bú ní Philippines lọ́dún 1991, gbogbo ayé tutù ní nǹkan bí ìdajì dígírì Celsius. Ẹ má rẹ́rìn-ín ìdajì dígírì o. Èmi tí mò ń wọn ìgbóná ara èèyàn lálaalẹ́, mi ò rẹ́rìn-ín ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí imí ọjọ́ yẹn bá dúró sí ló wá kàn wá jù. Ooru ni òjò ilé wa ń tẹ̀ lé. Ọ̀wọ́ ìkùukùu òjò kan yí ayé po bí ìgbànú. Ní oṣù kẹta, ìkẹrin, òjò rẹ̀ ti ń rọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Tó bá fi máa di oṣù keje, ìkẹjọ, ó ti gòkè dé Kánò, Sókótó, títí dé orílẹ̀-èdè Niger. Ìhà ayé tó bá gbóná jù ló ń fà á mọ́ra. Tí aṣọ imí ọjọ́ bá wá bo ìhà àríwá ayé nìkan, àríwá á tutù, ìgbànú náà ò ní gòkè tó bó ṣe yẹ. Àgbẹ̀ tó wà ní Sàhẹ́lì, létí aṣálẹ̀, á gbin ọkà bàbà, á gbójú sókè títí. Ẹ sì rántí pé àríwá ni ẹ̀wà àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń tà ní Bódìjà ti ń wá.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1912, Novarupta bú ní Alaska, òun ló tóbi jù ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Lọ́dún 1913, òjò kọ̀ ní Sàhẹ́lì. Ìyàn tó tẹ̀ lé e nílẹ̀ Hausa le débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Kakalaba. Ọdún 1914 yẹn náà ni Lugard so àríwá àti gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Gbogbo wa la gbọ́ nípa Lugard. Ta ló gbọ́ nípa Kakalaba?

Lẹ́yìn náà ni El Chichón, ní gúúsù Mẹ́síkò. Ó bú láàárín ìparí oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin 1982, ó pa nǹkan bí 2,000 èèyàn. Ìhà àríwá ni ọ̀pọ̀ imí ọjọ́ rẹ̀ dúró sí. Lọ́dún 1983 àti 1984, ọ̀dá Sàhẹ́lì le kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ darandaran pàdánù gbogbo màlúù wọn. Gánà gan-an gbẹ ní 1983, iná jó oko kòkó wọn. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tó lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ibi tí oúnjẹ ò sí ni wọ́n padà sí. Báàgì Ghana Must Go tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé yín, ọdún yẹn ló gba orúkọ.

Mi ò ní òkè kan ní Mẹ́síkò ló fa gbogbo ẹ̀ o. Ọ̀dá Sàhẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí 1960 sí 1969, El Niño tó lágbára sì wà ní 1982 sí 1983. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀, tí ibà wá kì mọ́lẹ̀, ta ni a máa di ẹ̀bi rù? Àmọ́ lọ́dún 2013, Jim Haywood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bìrìtìkó kọ̀wé pé nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó mẹ́rin tí Sàhẹ́lì gbẹ jù láti 1900 sí 2010, mẹ́ta ló tẹ̀ lé òkè ńlá tó bú ní ìhà àríwá ayé.

Kí ló dé tí mò ń da èyí láàmú yín? Torí pé àwọn kan fẹ́ máa fi ọkọ̀ òfuurufú ṣe iṣẹ́ òkè ayọnáyèéfín, kí wọ́n fọ́n imí ọjọ́ sókè kí ayé lè tutù. (Kì í ṣe ìlà funfun tí ẹ̀ ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ òfuurufú o. Omi tó dì ni ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún bi mí.) Lọ́dún 2022, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan fi bàlúù gbé imí ọjọ́ díẹ̀ sókè ní Mẹ́síkò, wọn ò tọrọ àyè. Ní oṣù kìíní 2023, ìjọba ibẹ̀ ní àwọn máa fòfin dè é.

Ìwé Haywood yẹn náà fi hàn pé tí wọ́n bá fọ́n ọn sí ìhà àríwá nìkan, Sàhẹ́lì á gbẹ. Òun àti àwọn mìíràn tún kọ̀wé lọ́dún 2017 pé fífọ́n ọn sí àríwá á dín ìjì líle Àtìláńtíìkì kù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Houston. Ohun tó lè gba òrùlé tiwa níbí là lè gba òjò lọ́wọ́ àwọn tọ̀hún. Ní wọ́ọ̀dù wa, mi ò lè fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kìíní lóògùn kí wàhálà rẹ̀ lọ bá ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí kò fọwọ́ síwèé. Ó tún kù: tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò lè dáwọ́ dúró lójijì, ooru tí wọ́n dì mọ́lẹ̀ á padà wọlé wìì.

Ní oṣù kẹjọ 2023, àwọn mínísítà àyíká ilẹ̀ Áfíríkà pàdé, wọ́n ní kí gbogbo ayé fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn ò ní lò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Nairobi. Wọn ò fẹnu kò, wọ́n sì tú ká.

Ẹ bi àwọn òbí yín nípa 1983, kẹ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sísàlẹ̀ fún mi. Ọmọ mi ti fi ìpínrọ̀ kan kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá bá mi ní kíṣìnì, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń kọ Kakalaba. Mo pè é fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn o. Ó dàbọ̀.