Ọ̀RỌ̀ TÍ AKỌ̀WÉ BÁ ẸGBẸ́ SỌ NÍPA ÌWÉ TÍ A BÁ NÍNÚ ÒKÌRÌKÀ

 

Ẹ̀yin náà gbọ́ ariwo tó ṣẹlẹ̀ nísọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà. Wọ́n tú bélì aṣọ ọmọdé, ìwé alàwòrán kan jábọ́. Aṣọ tí kò sí èèyàn nínú wọn ló ń rìn nínú igbó, elégédé sì ní ojú àti ẹnu. Àwọn kan ní ìwé àjẹ́ ni, ká dáná sun ún. Àwa ní ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwé kẹfà la ti dúró, òyìnbó rẹ̀ ju tiwa lọ, la bá gbé e lọ bá tíṣà kan.

Linda Williams ló kọ ìwé náà ní Amẹ́ríkà, Megan Lloyd ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1986 ló jáde. The Little Old Lady Who Was Not Afraid of Anything lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ìyá arúgbó tí kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ìyá yìí lọ já ewé nínú igbó, ilẹ̀ ṣú bá a lọ́nà. Bàtà méjì tí kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn dínà fún un. Ó ní kí wọ́n yà, òun ò bẹ̀rù. Ó tún bá ṣòkòtò, ó bá ṣẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́ àti fìlà, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé e. Ìgbà tó pàdé orí elégédé, ẹsẹ̀ ìyá ò gbélẹ̀ mọ́! Ó sáré délé, ó tilẹ̀kùn. Wọ́n kanlẹ̀kùn, ó ṣí i, ó ní wọn ò lè dẹ́rù ba òun. Inú elégédé bà jẹ́, ó ní kí wá ni káwọn máa ṣe báyìí? Ìyá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ti para pọ̀, wọ́n dúró lóko ìyá, wọ́n ń lé ẹyẹ, bí èyí tí àwọn ọkọ wa ń gbé sóko bàbà. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀.

Tíṣà ní wọ́n máa ń ka irú ìwé yìí fọ́mọ nígbà ọdún Halloween. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba a máa bojú, wọn a máa ti ilé dé ilé gba súìtì. Wọn a gbẹ́ ojú sára elégédé, wọn a tan iná sínú ẹ̀. (Elégédé tí àwa ń fi gbọ̀rọ̀ rẹ̀ sebẹ̀!) Ẹ̀rù ìbojú yẹn lè ba àwọn kéékèèké, ni wọ́n fi ń kọ ìwé tí kò le fún wọn.

Àwa náà ní egúngún. Ṣùgbọ́n kí egúngún tó jáde rárá, a ti sọ ọ́ di pàṣán. Ọmọ ń sunkún nísọ̀, a ní "Egúngún ń bọ̀ o!" Kò jẹun, a ní "Gbọ́mọgbọ́mọ á gbé ẹ!" Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, rí ọmọkùnrin kan tó fi àpò sìmẹ́ǹtì bojú ṣeré. Ó bẹ́ sójú títì, díẹ̀ ló kù kí ọ̀kadà gbá a. Títí dòní ó ń tọ̀ sílé, ó ń ké lóru, ìyá rẹ̀ ò sùn. Ìyá náà fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé òun lòun kọ́ ọ níbẹ̀rù yẹn.

Iwin wà nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa, ẹ̀rù sì bà wá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá wa la jókòó sí, à ń gbe orin, a mọ̀ pé Ìjàpá á tẹ́ kẹ́yìn. Ẹ̀rù tó ní ìparí nìyẹn. Èyí tí à ń dà bo ọmọ nísọ̀ kò ní ìparí, a kàn sọ ọ́, a yíjú sí oníbàárà. Ìwé yìí ń ṣe bí àlọ́. Ẹnì kan ní ká kúkú ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tó jáde lọ́dún 1938. Ìwé gidi ni, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Àgbákò, ta ni yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?

A ti ra ẹní méjì. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, tíṣà á jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn aláta, á máa sọ ìtàn náà ní Yorùbá, á sì máa fi àwòrán hàn wọ́n. Igba náírà ni ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mú wá fún ìwé mìíràn. Ẹni tó bá tún bá ìwé alàwòrán nínú bélì, kó má fi dáná, kó gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ní ẹ̀jẹ̀ àti eyín ṣóńṣó, a ò gbà á. Ìyá ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní ká fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ òun níwájú, òun náà yóò sì jókòó tì í.